Ẹni Tí Yóò Yọ Egungun Ìhà Àjíbíkẹ́

Ọdún mẹ́rìnlá ni Àjíbíkẹ́ ti fi ń kun ilé kiri Mowe, Ibafo àti Asese. Àwọn pẹ́ńtà ọkùnrin pọ̀ lágbègbè náà bí eṣú, ṣùgbọ́n tó bá di ti àjà ilé, níbi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ gbójú sókè kó sì na apá láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀, òun ni àwọn kọ́ńtírákítọ̀ máa ń pè. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ọ̀dà rẹ̀ kì í sì í kán sílẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìbéèrè. Tí ògiri bá ń ṣí, yóò fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wọ̀ ọ́. Tí bíríkìlà bá po sìmẹ́ńtì, yóò bi í léèrè ìdí tó fi pò ó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ifo máa ń sọ pé ọmọ òun kì í jẹ́ kí ẹyẹ fò kọjá láìbi í léèrè ibi tó ń lọ.

Àjà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mowe ló ń kùn lọ́jọ́ tí nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Ó wà lórí àkàbà, ó na bírọ́ṣì sókè, àfi bó ṣe rí i tí bírọ́ṣì náà já bọ́. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ tú. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún náà, ó ti funfun bí ẹfun. Ó fi tòsì gbá a mú, ó tutù bí omi inú àmù. Ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ti kú tipiri, bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ padà sí ọwọ́ náà, ó sì ń jó o lára bí ẹni tí agbọ́n ta. Ẹlòmíì ì bá kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Àjíbíkẹ́ tún gun àkàbà padà. Kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé e lọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò tún ṣẹlẹ̀ ni. Ó na apá sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kó tó ka ọgọ́rùn-ún, ìka méjèèjì tún ti lọ.

Oṣù mẹ́jọ ló fi wá ohun tó ń ṣe é. Dókítà kan ní lákúrègbé ni, ó fún un ní abẹ́rẹ́. Òmíràn ní ọrùn ló ń dà á láàmú, ó fi nǹkan líle dè é lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀, Adébánjí, tó ń jó irin ní Asese, ń fi òrí pa á lápá láràárọ̀. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun tó tiẹ̀ ń bà á nínú jẹ́ jù ni pé ẹran ọwọ́ náà ti ń fọn, níbi tí àtàǹpàkò ti pàdé àtẹ́lẹwọ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ikram ló wá rí i. Iṣẹ́ físíò ló ń ṣe nílé ìwòsàn kan ní Ibafo, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Kò kọ oògùn kankan.

Ó ní, "Mà, ẹ gbé apá yín méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira. Ẹ máa di ìkúùkù, kẹ́ ẹ máa tú u. Ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí apá ọ̀tún Àjíbíkẹ́ fi wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ikram fa ìwé kan yọ, ó sì ya egungun méjì síbẹ̀. Ọ̀kan ni egungun tó so àyà mọ́ èjìká, èkejì ni egungun ìhà àkọ́kọ́, èyí tó wà lókè pátápátá. Ó ní àárín àwọn méjèèjì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà wọ inú apá.

"Tiyín ti há jù, mà. Tẹ́ ẹ bá ti gbé apá sókè, egungun á fún wọn pọ̀."

"Ṣé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, àbí iṣẹ́ ló fà á?"

"Ó jọ pé méjèèjì ni. Ọ̀nà yín kò fẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wá tún fún un."

Ikram kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé: thoracic outlet syndrome. Àjíbíkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kò tù ú. Ohun tó ní orúkọ ṣeé bi léèrè.

Ó ṣe eré ìdárayá tí Ikram kọ́ ọ fún oṣù mẹ́rin. Ìrora dín kù, ṣùgbọ́n ẹran ọwọ́ kò yé fọn. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo iṣan rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dúró pátápátá tó bá ti na apá sókè. Wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ egungun ìhà náà.

Ikram kìlọ̀ fún un. "Mà, kì í ṣe gbogbo dókítà oníṣẹ́ abẹ ló ń ṣe èyí. Ibi tí wọ́n máa dé kò fẹ́ àṣìṣe. Ẹ fara balẹ̀ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Adébánjí fẹ́ kí wọ́n lọ bá èyí tó bá wà nítòsí, kí wọ́n ṣe é, kó tán. Àjíbíkẹ́ kọ̀.

"Bàbá Tófúnmi, kí n tó gba pẹ́ńtà kan síṣẹ́, mo máa ń ní kó kun igun ògiri kan fún mi ná. Dókítà ò lè kun igun kan lára mi kí n kọ́kọ́ wò ó. Ìbéèrè nìkan ló kù mí kù."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹjà, lọ́dọ̀ dókítà ńlá kan tí àwòrán òun àti àwọn gbajúmọ̀ kún ara ògiri rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó nínú irú èyí lẹ ti ṣe?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Madam, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ abẹ."

"Mo gbọ́, sà. Irú èyí ńkọ́?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni."

Nígbà tí wọ́n jáde, Àjíbíkẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí iye tó ti ṣe ò ṣeé sọ?

Èkejì jẹ́ dókítà egungun kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì dáhùn wẹ́rẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, mà, abẹ́ ọ̀gá mi ni mo sì wà. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mi ò ní fọwọ́ kàn yín." Ó wá kọ orúkọ obìnrin kan fún un, Dókítà Fẹ̀hìntọlá, tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àyà àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn. Àjíbíkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wò ó sàn lọ.

Dókítà Fẹ̀hìntọlá ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí Àjíbíkẹ́ bi í ní ìbéèrè kan náà, kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo aago.

"Mẹ́tàdínlógún ni mo ti ṣe. Méjìlá sàn dáadáa. Mẹ́ta ní ìrọ̀rùn díẹ̀. Méjì kò rí ìyàtọ̀ kankan."

"Kí ló ṣe àwọn méjì yẹn, mà?"

"Ọ̀kan, iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èkejì, mi ò tíì mọ̀ títí dòní, ó sì ń dùn mí."

"Ṣé mo lè bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀?"

"Nínú àwọn tó sàn?"

"Rárá, mà. Èyí tí kò sàn ni mo fẹ́ rí."

Ìgbà yẹn ni dókítà tó gbé ojú kúrò lórí ìwé, tó wò ó dáadáa. Ó ní òun máa kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì pè é. Ibogun ló wà, ó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ní ọgbà àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Àjíbíkẹ́ gun ọ̀kadà lọ bá a. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì tú nọ́ọ̀tì.

"Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì gba agbára," ó ní. "Inú bí mi gan-an nígbà yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ṣé dókítà ti kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó lè rí bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí kò sàn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ bá dókítà mìíràn ní Èkó kó yẹ iṣẹ́ òun wò. Ó ṣì ń pè mí lóṣooṣù."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é lónìí, ṣé ẹ máa lọ?"

Sámúẹ́lì gbé sípánà sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ bóyá mo máa ṣe é. Ṣùgbọ́n tí mo bá máa ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni."

Àjíbíkẹ́ yà ní Ifo kó tó lọ sílé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó fọwọ́ lérán. "Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kùnà lo fẹ́ gbé ara fún?"

"Màámi, àwọn yòókù náà á ti kùnà rí. Òun nìkan ló sọ ọ́ fún mi."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun, Àjíbíkẹ́ bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí òun rí egungun náà. Nígbà tó jí, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adébánjí.

"Ó gbóná," ni Adébánjí wí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Lọ́jọ́ kejì dókítà gbé egungun náà wá nínú ike kékeré. Ó pẹlẹbẹ, ó kúrú, ó tẹ̀ bí etí ife. Àjíbíkẹ́ yí ike náà síwá sẹ́yìn. "Èyí náà ló dá mi dúró?" Dókítà Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó sì fi ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń fara gbo egungun náà hàn án.

Ó ti tó ọdún kan báyìí. Ọwọ́ náà kì í funfun mọ́, ẹran rẹ̀ sì ti ń padà díẹ̀díẹ̀. Ìka tó kéré jù ṣì máa ń kú nígbà ọyẹ́. Dókítà ní kó má kun àjà mọ́, ó sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sunkún lé e lórí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kan ní Mowe ló wà báyìí, òun ló ń bá wọn po àwọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó bi ọ̀gá ibẹ̀ léèrè ìdí tí àwọ̀ pupa fi ń ṣá nínú oòrùn kó tó kan ti ìlẹ̀pa. Ọ̀gá ní òun ò mọ̀. Pátákó mẹ́sàn-án tí Àjíbíkẹ́ kùn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ọgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, oòrùn ń pa wọ́n, Àjíbíkẹ́ sì ń lọ wò wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè.