Ọ̀pá Họ́kì Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìnísà, igi gúáfà là ń fi ṣe ọ̀pá họ́kì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Olùkọ́ kan ló kọ́ wa ní eré náà nílé ìwé, ọ̀pá gidi mẹ́rin péré ló sì wà fún gbogbo wa, ni oníkálukú bá gba inú oko lọ láti wá ẹ̀ka gúáfà tó tẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí ìwọ̀. A ó bó èèpo rẹ̀, a ó fi òrí pa á, a ó wá gbé e kọ́ sókè ààrò ìyá wa kí èéfín lè mú un le. Odidi oṣù kan ni tèmi fi wà níbẹ̀. Ìyá mi bú mi títí, wọ́n ní mo fẹ́ fi igi jó ilé mọ́ àwọn lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gbogbo nǹkan lórí fóònù, ẹ ò lè mọ bí ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ gẹ irun ní Ìkìrun, tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn lórí àgbà ọ̀jẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ họ́kì agbègbè wa. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti jẹ góòlù kẹ́yìn, pé ṣe ló kàn ń rìn gbẹ̀rẹ̀ kiri pápá. Ọ̀kan ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, èkejì ní irọ́ ni, ọ̀lẹ ni. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀: "Bàbá, ẹ lọ máa gbé ọmọ-ọmọ yín jó!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára. Mo fẹ́ bú wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á, nítorí mo rántí ohun tí èmi alára ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tì mí lójú.

Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, Ìnísà àti Òkukù a máa pàdé lórí pápá họ́kì. Ìkìrun ni rẹfirí ti máa ń wá, torí pé àwa ò gba ará Òkukù gbọ́, àwọn náà ò sì gbà wá gbọ́. Bíríkìlà kan wà ní Ìnísà tó jẹ́ pé àwọn la gbójú lé. Ẹ̀gbọ́n là ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí à ń sọ. Wọ́n ga, ọwọ́ wọn sì le bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tò. Mo ṣì wà ní pírámárì lọ́dún tí wọ́n jẹ góòlù mẹ́ta mọ́ Òkukù lọ́wọ́. Orin la kọ wálé, ohùn mi ò sì là fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí èmi náà fi máa wọ ẹgbẹ́, ọjọ́ ti lọ lórí Ẹ̀gbọ́n. Ọdún kan kọjá, kò sí góòlù. Ìkejì, kò sí. Ìkẹta, bọ́ọ̀lù bá wọn níwájú ilé góòlù, wọ́n kàn ń wò ó bí ẹni tó pàdé ẹni tí kò rántí orúkọ rẹ̀. Àyè wọn gan-an ni mò ń dúró dè. Odidi ọdún méjì ni mo fi jókòó pẹ̀lú ọ̀pá mi lórí itan, tí mò ń wo eré tí mo mọ̀ pé mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í lé àgbà kúrò lórí pápá. Ẹni tó bá rí i pé ó tó ni yóò mú ọ̀pá rẹ̀ fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, níṣojú gbogbo ènìyàn. Láti ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Ọ̀pá tí ẹni tó ni ín bá fi sílẹ̀ láìfi lé ẹnì kankan lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú un.

Iwájú ìsọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe la ti máa ń pàdé nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà la ti ń jẹ Ẹ̀gbọ́n lẹ́ran láàyè. "Ọkùnrin yìí ò sáré mọ́, àfi bí ẹni ń lọ kí àna." "Ta ló sọ wá di èèyàn ní Òkukù? Ṣé bàbá tìrẹ ni?" "Ṣé góòlù àtijọ́ la ó máa gbé kiri?" "Ọ̀lẹ ni! Agbára ló ń fi pamọ́ fún iṣẹ́ bíríkìlà rẹ̀!" Èmi ni ẹnu mi mú jù. N ó dìde, n ó tẹ̀ síwájú, n ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀, n ó fi ọ̀pá họ́kì tilẹ̀ bíi bàbá arúgbó, n ó máa sín Ẹ̀gbọ́n jẹ. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bí Ẹ̀gbọ́n bá wá ti ìdí iṣẹ́ dé báyìí, tí wọ́n gbé korobá àti ṣọ́bìrì kọjá, gbogbo wa á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n wa! Ẹ̀yin nìkan! Òkukù á sunkún lọ́dún yìí!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á juwọ́ sí wa. Bí wọ́n bá sì ti yà ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rín la ó bú sí. Ṣíọ̀! 

Ní ọ̀sẹ̀ tí Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, iyàn náà gbóná débi pé a fẹ́ jà. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ju irinṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Wọlai, ojú ayé yín ti pọ̀ jù! Ẹ̀ ń bú u lẹ́yìn, ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú. Ta ló ti sọ fún un nínú yín?" Wọ́n na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa, ẹ rán ẹni tẹ́nu rẹ̀ mú jù." Ojú gbogbo wọn bá yí sí mi.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan lọ́nà Òkukù. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà lákọ̀ọ́sórí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Mo bá wọn lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ń fi òrí ra orúnkún tó ti wú. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí.

"Ta ló rán ẹ?"

Ẹnu mi là. Ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni pé, "Àwọn ará ìlú ní kí n kí yín kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kò sí irú yín. Ẹ̀yin náà ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Wọ́n tún fi òrí ra orúnkún náà. Wọ́n ní, "Orúnkún yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ fi ọ̀pá lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi òrí pa á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ni èmi? N ó gbìyànjú."

Ẹ gbọ́ o: àyè ṣì wà. Ká ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀, wọn ì bá kúrò pẹ̀lú iyì, èmi náà ì bá rí ohun tí mò ń wá. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo tún dọ̀bálẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí mo padà dé ìsọ̀ oníkẹ̀kẹ́, ojú tì mí láti sọ pé mi ò lè sọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ti sọ ọ́, pé Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò ní kúrò. Inú bí gbogbo èèyàn. Irọ́ méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Mọ́ńdè pé. Ní pápá Òkukù, àwa ará Ìnísà la ń pòṣé sí ẹni tiwa. Kò sí góòlù níhìn-ín, kò sí lọ́hùn-ún. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, gólì Òkukù ṣubú, bọ́ọ̀lù yí wá bá Ẹ̀gbọ́n, ilé góòlù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè. Orúnkún yẹ̀, wọ́n wó lulẹ̀ gbì, bọ́ọ̀lù sì yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́jẹ́. Háà! Èèpo ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò. "Alágídí! A ní kí o lọ, o ò lọ!" Ọ̀kan nínú wa bá fò sétí pápá, ó tẹ̀ síwájú, ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ 'A ní kí o lọ' yẹn, wọ́n sì dá dìde fúnra wọn. Wọ́n wo àwọn tó ń sín wọn jẹ, wọ́n wò wọ́n tẹ́rùn, wọ́n wá ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi aláìnítìjú, mo na ọwọ́ méjèèjì láti gba ọ̀pá! Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá náà lélẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì gba ojú títì lọ. Pẹ̀lú jẹ́sì eré lára wọn ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìnísà, àwọn nìkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n wọlé dípò wọn. Mo wọlé, Òkukù sì jẹ wá ní góòlù kan. Orí koríko la fi ọ̀pá náà sí nígbà tí a ń lọ.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo fẹ́ kọ́lé, Ẹ̀gbọ́n náà ni mo lọ bẹ̀ níṣẹ́. Bóyá mo rò pé ìyẹn á dípò ẹ̀bẹ̀ tí mi ò lè bẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n ṣiṣẹ́ náà dáadáa, kò sí ògiri tó wọ́ níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá dúró nísàlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n," wọ́n á wò mí láti orí pákó, wọ́n á ní, "Ta ló rán ẹ?" Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń dá mi lóhùn nìyẹn títí ilé fi parí. Wọ́n ti kú báyìí.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù agẹrun yẹn ò ní ọ̀wọ̀ kankan lára, wọ́n ń tutọ́ sí àgbà lójú, ìwà wọn sì ń kó mi nírìíra. Tiwa ńkọ́? Ìdọ̀bálẹ̀ kún ọwọ́ wa, òótọ́ kan ò sí nínú rẹ̀. Ẹ má bi mí pé èwo ló sàn.

Èmi ni mò ń ka Bíbélì nínú ìjọ wa láti ọdún gbọọrọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ojú mi fo ìlà méjì, ohùn mi sì há lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bí a ṣe jáde, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wá kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ohùn yín ṣì ń dún bí agogo. Ẹ̀yin nìkan!"

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn.