Ọmọ Tó Dá Wà Lórí Odò Dídì

Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Òjé ni mo ti ra àwòrán kan. Ó ní ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti kó o wá. Ọ̀dà ni wọ́n fi yà á: àwọn òyìnbó wọ ẹ̀wù òtútù, wọ́n so irin pẹlẹbẹ mọ́ bàtà, wọ́n ń yọ̀ kiri lórí odò tó ti dì. Obìnrin kan tiẹ̀ ti ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ wa ní Bẹyẹrúnkà.

Màmá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, bi ọmọ mi léèrè ohun tí àwọn èèyàn náà dúró lé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ mi. Ó ní odò ni, òtútù ló sọ ọ́ di yìnyín. Màmá ní kí ló wá wà lábẹ́ yìnyín ọ̀hún.

“Omi náà ni, Màmá àgbà.”

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jókòó kọjú sí ògiri yẹn mọ́. Mo kà á sí ti ogbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ dé, mo bá Màmá lórí ìdúró níwájú àwòrán náà. Wọ́n na ìka sí igun kan. Ọmọ kékeré kan tó dé fìlà búlúù wà níbẹ̀, ó ti rìn jìnnà sí àwọn yòókù, ó sì kọjú sí ibi tí yìnyín ti dúdú. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wo àwòrán yẹn, mi ò rí ọmọ náà rí.

“Ta ló ń ṣọ́ èyí?” ni Màmá wí.

Mo ní àwòrán lásán ni, kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó. Wọ́n wá ń sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó kú kí wọ́n tó bí mi. Ibà ni wọ́n máa ń sọ pé ó pa á. Kì í ṣe ibà. Ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Omíyalé ti wá, ó ti kọjá, àwọn àgbà ti ní omi ti fà. Àwọn ọmọdé bọ́ sójúde, wọ́n ń ṣeré nínú ìwọ̀nba tó kù, tí ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rántí pé gọ́tà wà lábẹ́ omi náà.

“Mo kàn yíjú láti fún aṣọ tó tutù ni,” Màmá wí.

 Ọmọ mi ṣì wà nílé ìwé. Mi ò wá bàtà, mo sáré gba ẹ̀yìn òkè Màpó sọ̀kalẹ̀. Omi pupa ti bo títì, mi ò mọ ibi tí títì parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé kan ń fi ẹsẹ̀ ta omi síra wọn. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi ò sí níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jáde kúrò nínú omi, ọ̀kan nínú wọn fi mí rẹ́rìn-ín.

Inú kíláàsì ni mo ti bá ọmọ mi, ó ń jẹ gúgúrú. Tíṣà rẹ̀ ní àwọn ò tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré jáde, pé ó di ìgbà tí omi bá fà. Ọ̀rọ̀ yẹn tún kó jìnnìjìnnì bá mi. Mo ní ká ṣì dúró. A dúró títí mo fi fojú ara mi rí etí gọ́tà.

Mo di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú. Ká tó dé orí òkè, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Mo gbọ́ ọ. Mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀.