Orúkọ Ìyá Agbábọ́ọ̀lù Náà

"Orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Akọ̀wé ìjọ Aládùúrà wa ní Ẹ̀rúnmu ló bi ìyá mi bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa gbá àṣekágbá Ife Àgbáyé. Ní ìjọ wa, orúkọ kan ṣoṣo lèèyàn ń mú wá fún àdúrà ọ̀sẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìyá onítọ̀hún kún un. Èmi ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí mò ń lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Mọ́níyà lọ́jọ́ kejì, ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ orúkọ mi. Àṣé agbábọ́ọ̀lù kúkurú kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìyá mi mú wá.

Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Láti Alákìá dé ọ̀dọ̀ wa, jẹ́sì rẹ̀ ló wà lọ́rùn àwọn ọlọ́kadà. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri onígẹ̀rígẹ̀rí. Aládùúgbò wa kan tiẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe òbúkọ rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró tó bá ti kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Ìyá mi ò mọ òfin bọ́ọ̀lù kankan, ṣùgbọ́n á sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná tó bá gbọ́ pé ó ti wọ pápá.

"Mi ò mọ ìyá rẹ̀," ló dá akọ̀wé lóhùn. "Ẹ kọ orúkọ tèmi síbẹ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Akọ̀wé kọ ọ́, gbogbo ìjọ sì pe ọkùnrin náà ní ọmọ ìyá mi lẹ́ẹ̀meje. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

"Mọ́mì, èmi ńkọ́?" ni mo bi í lọ́nà ilé.

"Ìdánwò ṣì pọ̀ níwájú tìẹ," ó ní. "Òun ti ń dàgbà. Bí èyí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí nìyẹn."

Nírọ̀lẹ́, pálọ̀ wa kún dẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ò tíì bọ́ sùtánà. Wọ́n ta ọ̀mì, ó di pẹnáritì. Bí ọkùnrin náà ṣe gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀, ó fún mi lọ́wọ́ mọ́ra dé ibi tó ń dùn mí. Èmi tí mo ti búra pé mi ò ní dá sí i, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo sì fi orúkọ ìyá mi kún un.

Bọ́ọ̀lù wọlé. Kò pẹ́ tí ife fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo gun orí àga. Àwọn aládùúgbò tò lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú oríire ọmọ o." Ó ń sunkún, ó ń dáhùn, "Ẹ ṣé, ire á kárí."

Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ kú oríire ọmọ."

Ó fà mí dìde. "Ìwọ náà kú oríire ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mi ò ní ẹ̀gbọ́n rí láyé mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ire á kárí."