Ọwọ́ Ọ̀tún Nìkan Ló Ń Jóná

Ìwé ìfarapa ló wà níkàáwọ́ mi ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Mushin. Ẹni tó bá jóná tàbí tó fi nǹkan gé ara rẹ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá fún un ní oògùn ìpara, ó parí. Mo kàwé dé yunifásítì o, ṣùgbọ́n n kò ka ìwé pélébé yẹn rí. Mo kàn ń kọ ọ́ ni.

Àfi ọjọ́ tí máníjà ránṣẹ́ pe obìnrin kan lára àwọn tó ń gbé páànù ìyẹ̀fun lọ sídìí ààrò. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni, Ìwáyà ló ń gbé, Àǹtí ni mo máa ń pè é. Máníjà ní kò fara balẹ̀, tó bá tún jóná lẹ́ẹ̀kan sí i, kó máa lọ sílé. Inú bí mi. Mo ṣí ìwé náà, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń gbé páànù ló ń jóná, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ti gbogbo wọn. Kò sí òsì kan ṣoṣo níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ dúró sídìí ààrò. Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, ló ń ti páànù síná. Méjì méjì ni àwọn tó ń gbé páànù ń gbé e wá fún un, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Apá ọ̀tún wọn gan-an ni ilẹ̀kùn irin ààrò wà, ó gbóná janjan. Apá òsì ṣófo. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì sọ pé ká fi na nǹkan sí àgbàlagbà. Wọ́n á na ọ̀tún kọjá lára irin, wọ́n á gba páànù ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, wọ́n á tún na ọ̀tún. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń jó wọn. Mo rọra sọ ọ́ fún Bàbá. Ó ń ti páànù síná lọ, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti rí i fín.

Máníjà ti dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo Àǹtí bó ṣe ń bọ̀. Àǹtí dé, ó fẹ́ na ọ̀tún.

"Fi òsì gbé e wá," Bàbá wí.

Àǹtí fà sẹ́yìn. "Bàbá, mi ò lè fi òsì fún yín."

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú síná, ó na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn.

"Ó dáa. Mi ò rí ọwọ́ tó o fi gbé e wá báyìí."

Àǹtí tẹ eékún díẹ̀, ó fi òsì gbé páànù lé e lọ́wọ́. Títí mo fi kúrò ní ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ni Bàbá ń kọ sí gbogbo wọn.