Aránbàtà Tó Ń Dúró Kó Tó Dáhùn

Ó yẹ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ èyí, kí wọ́n sì fi í sọ́kàn: bàbá aránbàtà kì í sọ̀rọ̀ lórí ìrìn. Bí ẹ bá kí i lójú ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ dúró gírí, yóò to ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, kó tó wá dá yín lóhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀pà téèyàn ń jẹ lọ lójú ọ̀nà.

Àwa ará àdúgbò ka èyí sí ọgbọ́n àgbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni kò gbà.

"Bàbá, ẹ kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mò ń lọ sílé ìwé, láti ilé títí dé ẹnu géètì lẹ ń bá mi wí. Ẹ ò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ọ̀rọ̀ mi ò tíì wúwo nígbà yẹn," ni bàbá wí.

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́rọ̀ dá lé lórí. Ó ti lé lógójì ọdún tí bàbá ti ń ṣílẹ̀kùn yẹn láràárọ̀, tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránbàtà, òòlù lọ́wọ́, ìṣó wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, ó gbé bàtà tíṣà fún lọ́yà. Lọ́yà wọ̀ ọ́ lọ sí kóòtù, ó jàre ẹjọ́, kò sì dá bàtà padà títí dòní. Ọmọ ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Ẹ̀rọ yẹn á gún yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà. Bó bá ní ewu wà, ẹ ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Bàbá dúró. "Mo gbọ́," ló wí. Gbígbọ́ ò kúkú jọ gbígbà, àmọ́ ó tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ní kí bàbá rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé. Bàbá rìn ín. Ó ní kó tún un rìn, ṣùgbọ́n kó máa yọ mẹ́ta-mẹ́ta kúrò nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe ń lọ.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún," ni bàbá wí, ó ń lọ. "Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún..." Ẹsẹ̀ dúró. Ó yọ èyí tó kù tán pátá lórí ìdúró, kò ṣi ẹyọ kan.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. "Bàbá, ọpọlọ ló ń rìn, iṣẹ́ lẹsẹ̀ kàn ń jẹ́. Bó bá ń rẹ ọpọlọ, iṣẹ́ méjì pa pọ̀ á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ á ti sọ ọ́ kí ìgbàgbé tó hàn. Kì í ṣe ìdájọ́ o. Orúnkún lásán lè fà á. Àmọ́ ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ."

Ọmọ tẹ́wọ́. "Bàbá, kọ́kọ́rọ́."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà òsì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì dókítà. Wọ́n rí i kedere: awọ rírọ̀ kan wà nídìí imú bàtà náà, wọ́n rán an mọ́ ọn dáadáa.

"Ọdún kan àbọ̀ rèé tí ẹsẹ̀ yìí ti ń wọ́ nílẹ̀. Mo fi awọ lẹ̀ ẹ́ kó má baà dún sétí ìyá rẹ."

"Ẹ ti mọ̀? Ẹ ò sì wí nǹkan kan?"

"Ìdí bàtà gbogbo ayé ni mò ń kà jẹun. Tèmi ni n ò wá ní lè kà? Wo bí okùn yẹn ṣe tò, kó o wá sọ fún mi pé ọwọ́ mi ti gbàgbé iṣẹ́."

Ọmọ wò ó títí. Okùn tò bí èèrà.

"Iṣẹ́ mélòó lẹ máa ń ṣe pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù?" ni dókítà bi í.

"Ẹyọ kan. Mo sì máa ń jókòó ṣe é."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ipò rẹ̀. "N ò ní purọ́ fún yín, ìrìn yín ti yí padà. Ẹ máa padà wá kí n máa wò ó. Àmọ́ n ò lè ní kẹ́ ẹ jókòó sílé. Ẹ máa rìn, ẹ máa ṣiṣẹ́."

"O gbọ́?" Bàbá wọ bàtà rẹ̀. "Láti òní, màá máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ oníbàtà sídìí bàtà. Ìwọ, máa wá yẹ okùn mi wò ní gbogbo Sátidé. Ọjọ́ tí okùn náà bá wọ́, màá fọwọ́ ara mi gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ. Títí di ìgbà náà, àpò mi nilé rẹ̀."

Ọmọ mí kanlẹ̀. "Sátidé ni o, Bàbá. N ò ní pa á jẹ."

Dókítà sìn wọ́n jáde. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ bi í pé, "Dókítà, ọjọ́ wo gan-an ni ká padà wá?"

Dókítà dúró gírí, ó to ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbójú sókè sí àjà, ó ń ronú. Bàbá wo ẹsẹ̀ dókítà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, nínú bàbá àti dókítà, ta ni ká wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?