Ìwé Òfin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrò Ẹja

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má tún un ṣe. Èmi ò kàwé, ṣùgbọ́n ìwé ti sùn nílé mi rí.

Ó máa tó ọdún márùndínlógójì báyìí. Amúkòkò là ń gbé nígbà yẹn, ẹja ni mo sì ń yan lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá fún mi láti Snake Island. Ọkùnrin kan yá yàrá nínú ilé wa. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, ní láíbìrì àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Bùrọ̀dá Láíbìrì là ń pè é. Tó bá ti bọ́ bàtà nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa ròyìn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Pé ìwé báyìí dé. Pé wọ́n lẹ ìkéde tuntun mọ́ pátákó. Pé àwọn ìwé kan wà lẹ́yìn káńtà tó jẹ́ pé wákàtí méjì péré ni wọ́n fi ń yá èèyàn, onítọ̀hún ò sì gbọdọ̀ gbé e jáde. Pé ẹnikẹ́ni kì í gbóhùn sókè níbẹ̀.

Mo ní, "Àní tí inú bá ń bí ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Há, Ìyá Ẹlẹ́ja! Tí ọ̀gá wa obìnrin bá fẹ́ bá wa jà, wúyẹ́wúyẹ́ ló máa ń sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù."

Mo máa ń rí ibẹ̀ lójú àlá. Ilé funfun gbọọrọ, afẹ́fẹ́ tútù, àwọn èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ bíi pé abẹ́ omi ni wọ́n wà. Mi ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi fìrì, fìrì, bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé.

Ní Fúráìdè kan lásìkò òjò, wọ́n rán an lọ sí èbúté Àpápá, kó lọ gba àwọn ìwé ìdájọ́ tó ti òkè òkun dé. Wọ́n ní kó dúró de ọkọ̀ yunifásítì tó ní ìbòrí. Kò dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìkéde sára pátákó pé ìwé tuntun ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lọ háyà lọ́rì tí wọn ò bò lórí. Òjò ká wọn mọ́ Wharf Road láàárín àwọn tírélà. Nígbà tí lọ́rì náà fi máa dé ẹnu àdúgbò wa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Páálí mẹ́rin ni wọ́n rù wọlé, omi ń kán tó, tó, nídìí wọn.

Ó ṣí ọ̀kan, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mọ́ńdè ni wọ́n máa lé mi."

Ó ní òun á sá wọn sóòrùn tí ilẹ̀ bá mọ́. Mo ní kó má dán an wò. Ẹja tútù tí èèyàn bá gbé sínú oòrùn líle lójijì, ara rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á máa jẹrà. Mo wo ìwé náà, mo rí i pé òun náà ní ara, ó ní inú.

Obìnrin aránṣọ tó wà ní yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín. "Mama, book no be fish o!"

"Kì í ṣe ẹja lóòótọ́. Ṣé kò mumi ni? Dìde, wá ràn wá lọ́wọ́."

Mo ní òkìtì ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo fi ń di ẹja fún oníbàárà. A mú àwọn tí ẹja ò tíì kàn, a ń tẹ̀ wọ́n sáàárín ojú ewé kí wọ́n fa omi. Tó bá ti rin, a yọ ọ́, a ki òmíràn bọ̀ ọ́. Mo pa iná àrò, ó ku eérú gbígbóná nìkan. Mo wá na àwọn ìwé ńlá dúró sórí wáyà tí mo fi ń yan ẹja, mo ṣí wọn bí abẹ̀bẹ̀. Àwọn tó fẹ́lẹ́, aránṣọ fi wọ́n kọ́ okùn aṣọ.

Ọmọ mi, ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Òjò dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ ń rọra wọlé láti ojú omi, ó ń ṣí àwọn ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, fìrì, fìrì. Ó máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń kà á, á tún ṣí i. Funfun ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Èéfín tín-ín-rín ń gba àárín wọn kọjá. Mo jókòó sórí àpótí, mi ò mọ̀ bóyá mo sùn ni àbí mo jí. Ṣe ni láíbìrì tí mo ń rí lójú àlá wá bá mi nílé.

Ní Mọ́ńdè, Bùrọ̀dá bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun. A kó àwọn ìwé náà sínú ọkọ̀, a gbé wọn lọ sí láíbìrì. Ilé náà ò funfun tó tojú àlá mi, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọ̀gá obìnrin yẹn gbé ìwé kan. Etí ìwé náà ti ká díẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ imú.

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ló yan àwọn ìwé yìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Òjò ló pa wọ́n. Ẹ dákun, ẹ má lé e."

Ọ̀gá ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò wá èyí tó lẹ̀ pọ̀. Ó pẹ́. Kò rí ìkankan. Ó mú òmíràn, kò rí níbẹ̀ náà. Láàárín ìwé kẹta ni ìpẹ́ ẹja kan ti yọ, ó ń dán bí dígí.

Ó wo ìpẹ́ náà, ó wo ọwọ́ mi. Ó wá kọjú sí Bùrọ̀dá.

"Lọ lu òǹtẹ̀ sí wọn, kó wọn sórí káńtà. Tó o bá ṣe tán, wá gba kúẹ́rì rẹ."

Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tó ń kàwé. Kúẹ́rì, ìbáwí orí ìwé lásán; wọn ò lé e! Kò sẹ́ni tó fi ìdùnnú gbà á bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá náà fà mí dìde. Ó dá ìpẹ́ ẹja náà padà síbi tó ti bá a, ó sì pa ìwé náà dé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sójú ewé yẹn.