Ohun Tí Àwáwù Rí Nínú Kòtò Kànga

Àgùntàn ni Àwáwù, ìyá Bàṣírù, ń sìn ní Tẹ̀dé. Ní ọdún 1983, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba fún un ní irúgbìn ewéko kan tí ẹran fẹ́ràn gan-an. Ewé rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni, ó jọ ewé ẹ̀wà. Ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ títí dé ìdí igi kajú.

Òjò rọ̀ díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ọ̀dá dé. Àwọn ewéko tó wà lẹ́bàá balùwẹ̀ ń mu omi ìwẹ̀, wọ́n ga dé orúnkún. Àwọn tó wà lápá ìdí kajú kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kànga gbígbẹ́, ní kó tu àwọn aràrá yẹn dànù kí òun gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Àwáwù bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.

Nígbà tí odò gbẹ, kò sẹ́ni tó tún rí omi dà sára mọ́. Aṣọ tútù ni wọ́n fi ń nura. Kò pẹ́ tí àwọn ewéko gíga fi sọ orí kọ́, tí wọ́n gbẹ. Àwọn kúkúrú ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó ya Àwáwù lẹ́nu, kò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni.

Ràmọ́nì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kúkúrú náà. Nígbà tí kòtò mù ún dé ọrùn, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Bàṣírù, máa bọ̀ wá wo nǹkan."

Àwáwù kò dúró wọ bàtà. Ó di àkàsọ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀. Gbòǹgbò ló rí lára ògiri kòtò, tín-ín-rín bí òwú. Láti ìdí àwọn ewéko kékeré yẹn ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n kọjá àyà ọkọ rẹ̀, wọ́n kọjá orúnkún rẹ̀, wọ́n sì tún wọlẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ó tutù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bàṣírù, wọn ò ráre o," ló wí. "Agbára tí wọn ò fi ga sókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ná an sí. Omi ni wọ́n ń wá lọ."

Ó gun òkè padà, ó fa ọ̀kan tu nínú àwọn tó gbẹ lẹ́bàá balùwẹ̀. Wẹ́rẹ́ ló fà tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbà tí omi ń wá bá a nílé, kí ló fẹ́ wá lọ sísàlẹ̀?

Fàtímọ̀ aládùúgbò wọn gbọ́ ariwo, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó pe àwọn obìnrin mìíràn. Ràmọ́nì jáde kúrò nínú kòtò, ó jókòó sábẹ́ kajú, ó ń retí kí àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ wò tán kó tó máa báṣẹ́ lọ. Inú bí i díẹ̀, àmọ́ òun náà ló tún ń na ọwọ́ sí ibi tí gbòǹgbò gbà lọ fún ẹni tó bá dé.

Ó gbẹ́ kànga náà kan omi. Nígbà tí òjò sì padà rọ̀, àwọn ewéko kúkúrú yẹn ta sókè lójijì, àfi bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ gbé igbá wá tọrọ irúgbìn.